Ilẹ̀ Sìmẹ́ńtì

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ọmọ.
Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.
Àká kọfí ni ilé yìí tẹ́lẹ̀;
àwọn àgbà Kábbà ń kó kọfí síbẹ̀ títí owó rẹ̀ fi já wálẹ̀.
Bí òjò bá rọ̀, òórùn rẹ̀ ṣì ń jáde lára ògiri
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan tó padà wá wá a.
Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni. Kì í wojú ẹnikẹ́ni.
Ẹsẹ̀ tó bá purọ́, ilẹ̀ á sọ fún orúnkún,
orúnkún á sọ fún ìbàdí,
ìbàdí á gbé e pamọ́ di ọjọ́ ogbó.

Èmi náà purọ́ fún ilẹ̀ rí.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jó nílùú onílùú,
lórí pátákó, lórí yanrìn, lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé ìtura.
Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo ń fò,
ẹni tó ń kó wa kiri ń fi owó wa ra mọ́tò.
N kò ka ìwé tí mo fọwọ́ sí.
Lálẹ́ ọjọ́ tí orúnkún òsì mi ké bí igi gbígbẹ,
wọ́n fún mi lówó ọkọ̀ àti omi inú ike kan.
Àpá rẹ̀ nìyí. Ẹ wò ó dáadáa.

Nítorí náà, kí a tó jó, a ó kàwé.
Òtítọ́jù, ka ìlà kẹrin sókè:
“Bí oníjó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́...”
Ta ni yóò sanwó? Ìwé ò sọ.
Ohun tí ìwé ò bá sọ, kálámù rẹ ò gbọdọ̀ dáhùn sí i.

Ẹ dìde wàyí. Ọ̀kan, èjì. Kí gìgísẹ̀ dé kẹ́yìn.
Ìbítọ́lá, o ń rẹ́rìn-ín sí wa;
ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bo ijó tí kò jinná.
Dúnmóyè, èjìká rẹ ń sáré ju ọkàn rẹ lọ.
Sọ ọwọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní.
Lẹ́ẹ̀kan sí i.
Lẹ́ẹ̀kan sí i.
Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Ó rẹ èmi tí mo jókòó.
Ẹni tó jó nítorí inú rẹ̀ dùn, ó ṣeun fún ara rẹ̀.
Ẹni tó jó nígbà tí eyín ń ro ó, tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn,
tí èèyàn méje péré ló wà níjòkòó,
tí ijó náà ò sì fi ìka kan dín,
ẹni yẹn là ń pè ní oníṣẹ́.

Bàbá Dúnmóyè wá bá mi lọ́jọ́sí.
Ó ní, “Olùkọ́, ijó? Ta ni kì í jó? Ewúrẹ́ mi ń jó.”
N kò bá a jà. Mo ní kó wá láago mẹ́fà àárọ̀,
kó mú ewúrẹ́ náà dání.
Ó dé. Kò mú ewúrẹ́ wá.
Ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ bí a ti í ṣubú,
ìgbà ogójì, kí ìbàdí tó mọ bí a ti í gba ilẹ̀ mọ́ra.
Kò sọ nǹkan kan.
Nígbà tó ń lọ, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta ìpara ẹsẹ̀.

Ayédọgbọ́n ló já fáfá jù nínú yín.
Ó lọ nínú oṣù Ẹ̀bìbí. Ó ní ọ̀kadà ń sanwó lójoojúmọ́,
ijó ń ṣèlérí.
Kí ni kí n fi dá a lóhùn, àpá?
Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, lálaalẹ́,
ọ̀kadà kan máa ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn fèrèsé yìí.
Mo ti yọjú wò ó rí:
ó kọjú sí títì Ọbájànà,
àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ń kọjá pẹ̀lú eruku wọn,
àtàǹpàkò rẹ̀ ń kà lórí irin ìfẹsẹ̀tẹ̀,
ọ̀kan, èjì,
gìgísẹ̀ ń dé kẹ́yìn.

Ẹ má wo fèrèsé.
Ẹni tó bá sún mọ́ ilẹ̀kùn, kó ṣí i díẹ̀ sí i.
Ooru ń mú mi.